Ẹlẹ́rìí Tí Kò Purọ́: Ẹjọ́ Adolf Beck àti Ìwọ̀n Ẹ̀rí Ojú

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ìròyìn kò tó àfojúbà." Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ẹni tí a ròyìn iná fún kò lè sọ bí iná náà ti jó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró níbẹ̀ tí ooru rẹ̀ kàn án lára. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé, bí ọ̀ràn bá dé iwájú àwọn àgbà tàbí iwájú adájọ́, ìbéèrè kìn-ín-ní tí a ń béèrè ni pé, "Ta ni ó ṣojú rẹ̀?" Bí ẹnìkan bá sì dìde, tí ó wí pé, "Ó ṣojú mi kòrókòró," àwọn tí ń jiyàn a dákẹ́, àwọn tí ń ṣiyèméjì a sì mi orí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ìròyìn àti àfojúbà nìkan ni òwe yìí fi wé ara wọn. Ó sọ èyí tí ó sàn jù nínú méjèèjì. Kò sọ pé èyí tí ó sàn jù náà kì í ṣìnà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé yìí ni pé, nígbà tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ènìyàn, tí òmìnira rẹ̀ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu, báwo ni ẹ̀rí ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀ràn náà ti wúwo tó? A ó mú ẹjọ́ ọkùnrin kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀n ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ìgbìmọ̀ kan wádìí ọ̀ràn náà ní ọdún 1904, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Èkejì ni pé òfin tí ó dá ọkùnrin náà lẹ́bi kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí láti ọdún 1863 ni a ti fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ ní Èkó, nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin tí a fi ń dá ẹjọ́ ní ilẹ̀ wa títí di òní sì ti hù jáde.

Èké àti Àṣìṣe

Láti ìgbà láéláé ni aráyé ti mọ̀ pé ẹlẹ́rìí lè purọ́. Òfin Mósè kò jẹ́ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo. Ó ní kí ẹlẹ́rìí pé méjì tàbí mẹ́ta. Síbẹ̀síbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó ka ìtàn Nábótì ará Jésíréẹ́lì mọ̀ pé ẹlẹ́rìí méjì pé, a sì sọ Nábótì ní òkúta pa, nítorí a ti bẹ àwọn méjèèjì lọ́wẹ̀ kí wọn ó tó jókòó níwájú rẹ̀. Nítorí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ìbúra sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Onígbàgbọ́ a mú Bíbélì lọ́wọ́, Mùsùlùmí a mú Kùránì, ẹni tí ó bá sì ń sin òrìṣà a mú irin, nítorí a gbà pé Ògún kì í dá ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ ṣèké sí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a béèrè: ta ni ìbúra yìí ń dẹ́rù bà? Èké ni. Ẹni tí ó mọ òtítọ́ nínú ọkàn rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹnu sọ ohun mìíràn, ni irin lè mú kí ó wárìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òtítọ́ ni òun ń sọ, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ìbúra kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Yóò di irin náà mú gírígírí. Yóò fi ẹnu kò ó láìbẹ̀rù. Kì yóò ká ọwọ́ kò, ohùn rẹ̀ kì yóò gbọ̀n. Gbogbo àmì tí a fi ń mọ olóòótọ́ yóò wà lára rẹ̀, nítorí olóòótọ́ ni í ṣe. Irú ẹlẹ́rìí yìí ni ó ṣòro jù lọ fún ilé-ẹjọ́, irú rẹ̀ ni ó sì ba ayé Adolf Beck jẹ́.

Ọkùnrin Tí A Mú ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Nọ́wè ni a bí Adolf Beck ní ọdún 1841. Ó ṣòwò káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, kí ó tó wá tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1885. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1895, bí ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní òpópó Victoria, obìnrin kan dì í mú, ó ní òun ni ó gba aago àti òrùka òun lọ ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Beck pe ọlọ́pàá pé kí ó gba òun lọ́wọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà ní kí ọlọ́pàá mú Beck. Beck ni ọlọ́pàá mú.

Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ ni pé oníjìbìtì kan ti ń yọ àwọn obìnrin Lọ́ńdọ̀n lẹ́nu. Yóò pàdé obìnrin ní ìgboro, yóò pe ara rẹ̀ ní ìjòyè ńlá, Lord Willoughby nígbà kan, Lord Wilton nígbà mìíràn. Yóò sọ fún un pé òun ní ilé ńlá, òun sì ń wá ẹni tí yóò máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Yóò kọ ìwé sọ̀wédowó fún un pé kí ó fi ra aṣọ. Lẹ́yìn èyí yóò gba òrùka tàbí aago obìnrin náà, yóò ní òun fẹ́ fi wọn ìka rẹ̀ kí òun lè ra èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Nígbà tí obìnrin náà bá dé bánkì ni yóò tó mọ̀ pé ìwé òfìfo ni.

Àwọn ọlọ́pàá pe àwọn obìnrin tí a ti jí ohun ọ̀ṣọ́ wọn bẹ́ẹ̀ jọ. Wọ́n to Beck mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn tí a kó wá láti ìgboro, wọ́n sì ní kí àwọn obìnrin náà nawọ́ sí ẹni tí ó tàn wọ́n jẹ. Àwọn obìnrin náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tí ó hu ewú, tí ó sì ní irun lórí ètè òkè, ni àwọn ń wá. Nínú gbogbo àwọn tí a tò sílẹ̀, Beck nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan nawọ́ sí i, òmíràn nawọ́ sí i, títí wọn fi pọ̀.

Ọ̀ràn náà tún burú sí i. Ẹnìkan ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá pé irú jìbìtì kan náà ni ọkùnrin tí ń jẹ́ John Smith ṣe ní ọdún 1877, tí a fi dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. A pe ọlọ́pàá kan tí ó mọ Smith nígbà náà. Ó wo Beck, ó sì búra níwájú adájọ́ kékeré pé Smith ti ọdún 1877 ni èyí, kò sí iyèméjì. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá láti ìgbà tí a ti dá ẹjọ́ Smith.

Ìbéèrè Tí A Kò Jẹ́ Kí A Béèrè

Ní oṣù Kẹta ọdún 1896 ni a gbọ́ ẹjọ́ Beck ní Old Bailey. Sir Forrest Fulton ni adájọ́. Ó ṣe pé Fulton yìí kan náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò, ni ó bá ìjọba rojọ́ mọ́ Smith ní ọdún 1877.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímọ ìyàtọ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé wí pé Beck ni ó kọ àwọn ìwé tí oníjìbìtì náà fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n pé ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí agbẹjọ́rò Beck fẹ́ ṣe ní ibí yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ìwé tí Smith kọ ní ọdún 1877 wà nílẹ̀, ìwé tí oníjìbìtì ọdún 1895 kọ wà nílẹ̀ pẹ̀lú, ọwọ́ kan náà ni ó sì kọ méjèèjì. Ní ọdún 1877, nígbà tí Smith wà ní Lọ́ńdọ̀n tí a ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ní Peru ni Beck wà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ sì wà láàyè láti jẹ́rìí sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ ìwé méjèèjì, tí Beck kò sì lè kọ ti ìṣáájú, a jẹ́ pé Beck kọ́ ni ó kọ ti ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ti fọgbọ́n yọ ọ̀ràn ọdún 1877 kúrò nínú ẹ̀sùn tí wọ́n gbé síwájú ilé-ẹjọ́, wọn kò sì pe ọlọ́pàá tí ó ní òun mọ Smith mọ́. Nígbà tí agbẹjọ́rò Beck fẹ́ béèrè nípa ìwé ọdún 1877, adájọ́ dá a dúró: ó ní ọ̀ràn Smith kì í ṣe ọ̀ràn tí ó wà níwájú ilé-ẹjọ́. Nítorí náà àwọn ọmọ ìlú méjìlá tí wọ́n jókòó láti sọ bóyá ó jẹ̀bi kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n gbọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tí olúkúlùkù wọn ń nawọ́ sí Beck. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni adájọ́ fún un.

Nínú ẹ̀wọ̀n, nọ́ńbà tí a fi sí i lára ní àmì tí ń fi hàn pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, nítorí a gbà pé òun ni Smith. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 1898 àwọn aláṣẹ yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n ti Smith wò. Wọ́n rí i pé Júù ni Smith, a sì ti kọ ọ́ nílà gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Júù. A kò kọ Beck nílà. Ohun tí ó dá lójú ju ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn lọ ni èyí: Beck kì í ṣe Smith. Kí ni àwọn aláṣẹ ṣe? Wọ́n yọ àmì ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ kúrò lára nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní bí kò tilẹ̀ jẹ́ Smith, àwọn obìnrin wọ̀n-ọn-nì ṣì rí i. Títí di oṣù Keje ọdún 1901 ni ó wà níbẹ̀.

Ìgbà Kejì

Ìbá ṣe pé ọ̀ràn náà parí síbẹ̀, à bá má mọ òtítọ́ rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1904 obìnrin mìíràn tún fi ẹ̀sùn kan Beck. Nígbà tí a kọ́kọ́ mú obìnrin náà lọ wo Beck ní ilé oúnjẹ tí ó ti ń jẹun, kò dá a mọ̀. Nígbà kejì ni ó tó sọ pé òun ni. Obìnrin márùn-ún ni ó jẹ́rìí mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà a dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ọkàn adájọ́, ẹni tí ń jẹ́ Grantham, kò balẹ̀, ó sì dá ìdájọ́ dúró kí òun lè ronú sí i.

Nígbà tí Beck wà ní àhámọ́, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, a mú ọkùnrin kan tí ó ń fi òrùka tí ó gbà lọ́wọ́ obìnrin dógò. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ó mọ ọ̀ràn Beck, John Kane, gbọ́ ìròyìn náà. Ó bi ara rẹ̀ pé: bí Beck ni oníjìbìtì, tí Beck sì wà ní àhámọ́, ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóde? A mú àwọn obìnrin wá wo ọkùnrin náà. Wọ́n rí i, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà. Òun ni Smith ti ọdún 1877, òun ni oníjìbìtì ọdún 1895, òun náà ni ti ọdún 1904. Ó jẹ́wọ́, a sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ọba dárí ji Beck ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1904 fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ìjọba fún un ní £2,000. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn pariwo, wọ́n sọ ọ́ di £5,000. Ní ọdún 1909 ni ó kú.

Ìdí Tí Wọ́n Fi Ṣìnà

Àwọn obìnrin tí ó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ méjèèjì ju mẹ́wàá lọ. A kò rí àmì kankan pé wọ́n gbìmọ̀ láti purọ́, bí àwọn ẹlẹ́rìí Nábótì ti gbìmọ̀. Ìyà jẹ wọ́n ní tòótọ́; ẹ̀tọ́ wọn sì ni pé kí wọ́n wá ẹni tí ó jẹ wọ́n níyà. Ó tọ́ kí a sọ pẹ̀lú pé, ní ti ohun tí a ṣe sí wọn, wọn kò ṣe àṣìṣe púpọ̀. Òótọ́ ni pé ọkùnrin kan wá, òótọ́ ni pé ó pe ara rẹ̀ ní ìjòyè, òótọ́ ni pé ó gba òrùka. Ojú ọkùnrin náà nìkan ni wọn kò lè mú dúró. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú ẹ̀rí gbogbo: ohun tí a ṣe, àti ẹni tí ó ṣe é. Ẹlẹ́rìí lè mọ èkíní dájúdájú, kí ó sì ṣìnà pátápátá nínú èkejì.

Kí ni ó fà á? Lọ́nà kìíní, ojú àjèjì ni wọ́n wò. Ẹni tí a ti ń rí láti ìgbà èwe, a lè mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn, a lè mọ ìrìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Bí àlejò ti rí nínú ìlú tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo wa rí níwájú ojú tí a kò rí rí: ewú ni a ń rí, aṣọ ni a ń rí, irun ètè ni a ń rí, a sì rò pé ènìyàn ni a rí. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ dídùn ọkùnrin náà ni ọkàn wọn wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Lọ́nà kẹta, a fi ẹnìkan ṣoṣo tí ó hu ewú sí àárín àwọn tí kò hu ewú, a sì ní kí wọ́n yàn. Kì í ṣe pé wọ́n dá Beck mọ̀; Beck ni ó súnmọ́ ohun tí wọ́n rántí jù lọ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Lọ́nà kẹrin, bí ọ̀kan ti ń nawọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ ń fi ìdí èyí tí ó kù múlẹ̀ lójú àwọn ọlọ́pàá àti lójú àwọn onídàájọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀rí mẹ́wàá ni àwọn ní. Ṣùgbọ́n bí omi kànga kan bá bàjẹ́, igbá mẹ́wàá tí a fi pọn ọ́n kò lè sọ ọ́ di mímọ́. Ohun kan náà ni ó tan gbogbo wọn jẹ, nítorí náà ìye wọn kò fi nǹkan kan kún òtítọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti dán irú nǹkan wọ̀nyí wò láti ìgbà náà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Berlin, von Liszt, mú kí ènìyàn méjì dọ́gbọ́n jà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, títí ọ̀kan fi fa ìbọn yọ. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kò sí ìwé ẹnìkan tí kò ní àṣìṣe. Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà fi àwòrán bí ọkọ̀ méjì ti forí sọ ara wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn 50 bí ọkọ̀ náà ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "kọlu" ara wọn. Wọ́n bi àwọn 50 mìíràn bí ó ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "run" ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n béèrè bóyá wọ́n rí dígí tí ó fọ́. Kò sí dígí tí ó fọ́ nínú àwòrán náà. Síbẹ̀, 7 nínú àwọn ti ìṣáájú ní àwọn rí i. Nínú àwọn ti ìkẹyìn, 16 ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tí ń béèrè ni ó wọ inú ìrántí wọn, tí ó sì dà bí ẹni pé ojú wọn ni ó rí i. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti ọdún 1989 a ti fi àyẹ̀wò DNA, èyí tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun mìíràn láti ara mọ ẹni, dá ẹni tí ó lé ní 300 sílẹ̀ tí a ti dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ wọn, ẹlẹ́rìí kan ti nawọ́ sí wọn pé àwọn ni.

Ohun Tí Òfin Kọ́, àti Ohun Tí Ó Kàn Wá

Lẹ́yìn ọ̀ràn Beck, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀ràn ọ̀daràn sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ṣáájú èyí, ẹni tí a bá dá lẹ́bi kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bí kò ṣe ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ojú fúnra rẹ̀, a kò tíì fi ìjánu sí i. Ní ọdún 1969 ẹlẹ́rìí mẹ́jọ nawọ́ sí ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1974 ni ọba dárí jì í, nítorí ẹlòmíràn ni ó ṣe é. Ìgbà yìí ni ìjọba yan Lord Devlin láti wádìí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1976 sì ni ilé-ẹjọ́ fi ìlànà lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Turnbull. Ìlànà náà ní kí adájọ́ kìlọ̀ pé ẹlẹ́rìí olóòótọ́ lè ṣìnà, àti pé ẹlẹ́rìí púpọ̀ lè jùmọ̀ ṣìnà. Ó ní kí a béèrè pé: báwo ni ó ti pẹ́ tó tí ẹlẹ́rìí fi wo ẹni náà? Báwo ni ó ti jìnnà sí i tó? Ìmọ́lẹ̀ ha wà bí? Nǹkan ha dí i lójú bí? Ó ha mọ ẹni náà rí bí? Ọjọ́ mélòó ni ó kọjá kí ó tó nawọ́ sí i? Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá ha bá ìrísí ẹni tí a mú dọ́gba bí?

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà gba irú ìbéèrè wọ̀nyí wọlé nínú ẹjọ́ Abudu àti Ìjọba ní ọdún 1985. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọdún 1970 ni òfin ilẹ̀ wa ti fi ikú ṣe ìjìyà fún ẹni tí ó bá fi ìbọn jalè, òru sì ni ọ̀pọ̀ irú olè bẹ́ẹ̀ ń wá, nígbà tí ẹ̀rù ti kún ọkàn onílé. Beck jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n; ẹni tí a bá pa kì í jáde mọ́.

Nǹkan kan tún wà nínú òfin wa tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 200, sọ pé a kò fi dandan lé iye ẹlẹ́rìí, bí kò ṣe nínú ọ̀ràn díẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀ràn díẹ̀ náà ni ti awakọ̀ tí ó sáré ju bí òfin ti wí lọ: a kò lè dá a lẹ́bi nítorí èrò ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Àwọn aṣòfin mọ̀ pé ojú ẹnìkan kò lè fi ìdánilójú wọn eré ọkọ̀. Ṣùgbọ́n a lè fi ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo dá apànìyàn lẹ́bi, bí adájọ́ bá gbà á gbọ́. A kò sọ èyí láti pẹ̀gàn òfin náà, nítorí ìwà ibi púpọ̀ ni a ń hù níkọ̀kọ̀, bí a bá sì ní kí ẹlẹ́rìí pé méjì kí a tó dá ẹjọ́, ọ̀pọ̀ apànìyàn ni yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé, níbi tí òfin kò ti ka iye, ìwọ̀n ni ó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ̀n náà kò sì ju èyí lọ: kí a wá ohun tí kò ti ojú wá, láti fi gbe ọ̀rọ̀ ojú lẹ́sẹ̀. Nínú ẹjọ́ Beck, ìwé wà, ẹlẹ́rìí Peru wà, àmì ìkọlà wà. Gbogbo wọn ni ó ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n a kò fetí sí wọn nítorí obìnrin púpọ̀ ti ní àwọn rí i. Àwọn baba wa pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tí ó sì dá a ní àgbà òṣìkà. Ìjọba Lọ́ńdọ̀n gbọ́ ti ojú nìkan, ó sì dá ẹjọ́.

Kì í ṣe adájọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìgboro wa, ẹnìkan a ké pé "Olè!", a nawọ́ sí ọmọkùnrin kan nínú ọjà, kí ọlọ́pàá sì tó dé, a ti lù ú pa tàbí a ti dáná sun ún. Níbẹ̀ kò sí agbẹjọ́rò, kò sí kòtẹ́milọ́rùn, kò sí ọdún 1904. Ẹni tí ó ké náà lè má jẹ́ èké; ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ sọnù ní tòótọ́, tí ẹ̀wù pupa tí olè wọ̀ sì jọ ti ọmọkùnrin náà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará, bí ẹ bá wà ní irú ibẹ̀, ẹ dá ọwọ́ àwọn ènìyàn dúró, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè tí Kane béèrè, èyíinì ni bóyá ẹlòmíràn wà lóde tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá sì kan ẹ̀yin fúnra yín láti jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ bí ìmọ́lẹ̀ ti rí àti bí ó ti jìnnà tó, kí ẹ má sì ṣe tijú láti wí pé, "Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé òun ni."